Ìbúra Màmá Àgbà àti Ògiri Inú Ààfin

Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá Àgbà ni àwọn ènìyàn ti ń wá kí mi. Wọ́n ń fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń retí kí n bú sẹ́kún. Mo ti sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní òótọ́ inú mi, ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ara tù mí. Kì í ṣe pé ìtọ́jú rẹ̀ ti sú mi o, kí ẹnikẹ́ni má gbé e gba ibòmíràn. Ohun kan ló ti ń jẹ ìyá yìí lọ́kàn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí màmá mi, ó sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀ kó tó lọ. Ká ní ọdún kan ṣáájú ló kú ni, bóyá n kò ní lè kọ ìwé yìí.

Àwáwù ni orúkọ rẹ̀. Òun ló bí màmá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà ní Bẹyẹrúnkà. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, àtẹ́lẹwọ́ náà sì le koko. Bí ó bá fi gbá ọ létí lẹ́ẹ̀kan, o kò ní í dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

Bí Màmá Àgbà bá wọ ilé onílé, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Ẹlòmíràn á wo àga, á wo tẹlifíṣọ̀n. Òun á tẹ orí ba, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ bí ẹni ń yẹ ọjà wò. Iṣẹ́ ilé wọn nìyẹn. Kí sìmẹ́ńtì tó gbòde, àwọn obìnrin ilé bàbá rẹ̀ ló ń pa ilẹ̀, tí wọ́n sì ń rẹ́ ògiri fún àwọn ọlọ́lá ìlú. Wọn á po ìgbẹ́ màlúù, èyí tí à ń pè ní ẹlẹ́bọ́tọ, mọ́ amọ̀ pupa tí wọ́n ti sẹ́. Wọn á da omi èèpo igi ìrà sí i kó lè le. Wọn á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, wọn á fi òkúta odò dán an, wọn á sì fi ìka fa ọnà sí i lára kó tó gbẹ. Nígbà tí mo kó lọ sílé ọkọ ní Oníyanrìn, ọkọ mi ti fi táìsì tó ń kọ yànràn sí pálọ̀. Mo retí kí ó yìn wá. Màmá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣubú níbẹ̀ á rí ojú ara ẹ̀ kó tó balẹ̀."

Ó fẹ́ràn ìjà ẹnu. Ó bá alágbàfọ̀ jà, ó bá ẹni tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà wa jà, ó bá Áfà tó ń kírun fún wa ní mọ́sálásí agbo ilé jà nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní Ọlọ́run kò dití. Ṣùgbọ́n ìjà náà kì í rí oorun sùn. Kí oòrùn tó wọ̀, á ti bu oúnjẹ sínú abọ́, á ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó bá jà láàárọ̀. Mo bi í nígbà kan pé bí a bá mọ̀ pé a óò gbé oúnjẹ fún ènìyàn lálẹ́, kí ni a ṣe ń bú u láàárọ̀.

Ó ní, "Bíbú ò burú. Ìjà tó bá sùn mọ́jú ló ti di onílé."

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe nílé rẹ̀, ìyẹn ni ìbúra. Ẹ sì mọ Ìbàdàn wa: ọmọ tí kò tíì mọ ení, èjì á ti mọ Wàláhì. Ní ọjọ́ kan tí mo wà ní kékeré, mo ní, "Wàláhì, mi ò bá Kúdí ṣeré mọ́ láyé mi." Kúdí ni ọmọ ilé kejì. Màmá Àgbà gbé ìrẹsì tó ń ṣà sílẹ̀, ó fà mí lápá kọjá àgbàlá, ó sì ní kí èmi àti Kúdí máa ta tẹ́ńtẹ́ǹ lójú òun. A ta á títí òógùn fi bò wá. A kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, a kò lè mú un mọ́ra. Ìgbà tí a rẹ́rìn-ín ló tó dá wa sílẹ̀.

"Ẹnu ló ń búra," ó wí bí a ṣe ń padà sílé. "Ẹsẹ̀ ló ń san án."

Kò yé mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yé mi ìdí tí a fi ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Ọjà'ba lọ́sàn-án gangan. Ọ̀nà àbùjá kan wà láti ilé wa, tó gba iwájú ààfin àtijọ́ kan kọjá. Màmá Àgbà kì í gbà á. Pẹ̀lú ẹrù lórí, pẹ̀lú oòrùn, á pọ́n òkè Mápó, á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá ráhùn, á ní ọ̀nà yẹn kò bá òun lára mu. A rò pé ó bá àwọn ará ààfin náà jà ni, a sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò bu oúnjẹ ránṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé láyé àtijọ́, ẹni tí oyè bá kàn ní Ìbàdàn, ilé tirẹ̀ ló ń di ààfin. Ìdí nìyẹn tí ààfin àtijọ́ fi pọ̀ káàkiri Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, òmíràn ti wó, òmíràn ti di ilé ìtajà. Èyí tí mò ń sọ yìí, n kò ní dárúkọ ìdílé tó ni ín. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe, wọ́n fi àwòrán kọ́ sí gbogbo yàrá, wọ́n sì sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù.

Olùkọ́ ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè Padre. Lọ́dún tó kọjá, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wòran níbẹ̀. Àwọn ọmọ wo àwòrán, wọ́n wo ère, wọ́n rẹ́rìn-ín sí èyí tí kò wọṣọ, mo ń fi ojú ṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí a dé yàrá kan nínú lọ́hùn-ún, mo rí ògiri kan tí wọn kò kọ́ nǹkankan sí. Ó pupa bí obì, ó ń dán. Ẹnìkan ti fi ìka fa ọnà roboto roboto sí gbogbo ara rẹ̀. Nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n orúnkún mi, àtẹ́lẹwọ́ méjì tẹ̀ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ògiri àtijọ́ ni, àwọn kò mọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ó rí orúkọ méjì nínú ìwé náà.

Ní ọjọ́ yẹn, mo kàn rò pé ìròyìn ilẹ̀ àti ògiri yóò dùn mọ́ Màmá Àgbà ni. Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, mo ń ròyìn fún un bó ṣe ń jẹun. Bí mo ti dárúkọ àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó dá òkèlè dúró.

"Èwo ló tóbi jù?"

Mo ní méjèèjì kò tóbi.

"Mo ní èwo ló tóbi jù níbẹ̀, Àṣàkẹ́."

Mo ronú. "Tọwọ́ ọ̀tún ni, Màmá."

"Ti Rábì nìyẹn," ó wí, ó sì ti abọ́ sẹ́yìn.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n, Ràbíátù, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú. Àwọn méjèèjì ni ìyá wọn fi ògiri yẹn lé lọ́wọ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ṣe láìsí àgbà pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n ti parí, Rábì ní kí àwọn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àgbà ló bá wọn ṣe é.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ààfin gbé Rábì níyàwó. Ìyàwó ààfin kì í fọwọ́ kan ẹlẹ́bọ́tọ mọ́. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó, Àwáwù lọ pa ilẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó jókòó sí láàárín àwọn ìyàwó ilé, inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ dì mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ iṣẹ́. Rábì fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ sọ fọ́mọ yẹn kó lọ fọwọ́. Ẹ̀yìnkùlé làwọn alágbàṣe ń gbà wọlé." Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Àwáwù da gbogbo ẹlẹ́bọ́tọ náà sí àárín àgbàlá. Ó fi Kùránì búra níwájú gbogbo wọn pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun wọ ilé náà mọ́ títí ọjọ́ ikú òun.

Rábì fi aṣọ bẹ̀ ẹ́, ó fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́. Àwáwù dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọdún kan kò tíì pé tí Rábì fi bímọ, ọmọ kò dúró, ara ìyá ọmọ kò sì yá. Ó ní kí wọ́n lọ pe Àwáwù wá. Ìbínú ti tán nígbà náà. Màmá Àgbà ní òun sáré débẹ̀ láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ti sọ fún un pé ẹni tó bá da ìbúra Kùránì, kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un láyé àti lọ́run. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún dúró. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé Rábì jáde. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan, ọmọ rẹ̀ kò sì sí láyé. Ìyá wọn kó gbogbo aṣọ rẹ̀ ta ọrẹ.

"Ó ń pè mí látinú ilé," Màmá Àgbà sọ fún mi. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. "Mo gbọ́ ọ. Ó ní, Àwáwù, wọlé. Mo ní mo ti búra."

Mo ní kí a lọ lọ́jọ́ kejì, kí ó rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ ohun tí òun ti ń sọ láti ìgbà yìí wá. Ó ní òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ibojì ló kàn, n kò sì lè mú òun da ìbúra lẹ́yìn tí òun ti jẹ́ kí ó gba Rábì lọ́wọ́ òun. Mo rí i pé ó fẹ́ lọ wo ògiri náà. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé mọ́. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá Áfà.

Áfà wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Màmá Àgbà tún ìtàn náà sọ, ó kọjú sí ògiri bó ṣe ń sọ ọ́. Áfà jẹ́ kí ó parí.

"Màmá," ó ní, "Ọlọ́run ò fi ìbúra di èèyàn lókùn báyẹn. Ẹni tó búra, tó wá rí i pé nǹkan mí-ìn ló dáa jù, ìtánràn ló máa ṣe, kó lọ ṣe èyí tó dáa. Ẹ bọ́ tálákà mẹ́wàá, kí wọ́n yó. Ó ti tán."

Èmi ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Màmá Àgbà náà yóò rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́wàá péré?"

"Mẹ́wàá péré, Màmá. Ẹni tí ò bá sì lágbára ẹ̀, á gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

"Láyé ìgbà yẹn ńkọ́? Ṣé mẹ́wàá náà ni?"

Áfà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Mẹ́wàá náà ni, Màmá."

"Ìkòkò oúnjẹ kan," ó wí. "Ìkòkò kan ṣoṣo ni ì bá jẹ́ kí n wọlé." Ó wá sunkún. Ó bú bàbá rẹ̀, ó bú ara rẹ̀, ó bú Áfà náà mọ́ ọn. Áfà kò bínú. Ó ní bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ni, ohun tó mọ̀ ló fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni Màmá Àgbà kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ìyá mi jẹ́. Bí kò bá mọ̀, ṣé kò sàn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n wá gbé ìkòkò ńlá sọ̀ kalẹ̀ fún òun.

Fúnra rẹ̀ ló se oúnjẹ náà. Kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ṣíbí. Wàhálà ibẹ̀ ni wíwá tálákà, nítorí bí òórùn ọbẹ̀ ti gba agbo ilé, gbogbo ènìyàn ló di tálákà. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Gbági, wọlé wá, ó ní òun ti di aláìní. Màmá Àgbà ní kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òun rí i dáadáa, ó sì lé e jáde. Àwọn mẹ́sàn-án kọ́kọ́ jẹ, wọ́n yó. Ìyá arúgbó kan ni ẹnì kẹwàá, ó jẹ díẹ̀, ó ní ó tó. Màmá Àgbà jókòó tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dákun, ẹ yó fún mi," ó wí. Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó sì fa abọ́ mọ́ra padà.

Ní ọjọ́ kejì, a gba ọ̀nà àbùjá. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo ti lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Màmá Àgbà di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ó dúró pẹ́ títí, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó wí Bísímílàhì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé.

Ibẹ̀ ni òórùn ọ̀dà tutù ti kọ lù mí. Gbogbo yàrá àkọ́kọ́ ti funfun báláú. Délé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mójútó ibẹ̀, jáde wá kí wa, ó ń yọ̀ pé àwọn ń múra sílẹ̀ de àwòrán tuntun, àwọn sì ti ń kun ilé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo bi í lábẹ́ ohùn nípa ògiri pupa, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti ń lọ níwájú, Délé sì sáré tẹ̀lé e láti ṣàlàyé àwòrán fún un. Kò gbọ́ àlàyé kankan. Ó kàn ń dé iwájú àwòrán kọ̀ọ̀kan, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," á tún sún síwájú, bí ẹni ń kí àwọn tó bá lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo ilẹ̀ pẹ̀lú, sìmẹ́ńtì ni. Ó pòṣé. Èmi ń gbàdúrà lẹ́yìn wọn. Mo ní, Ọlọ́run, má jẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni mo mú un wá wo ògiri funfun.

Yàrá ti inú lọ́hùn-ún náà funfun. Ògiri ọ̀tún funfun, ògiri òsì funfun. Ògiri àárín pupa, ó ń dán bí mo ṣe rí i lọ́jọ́sí. Mo fara ti férémù ilẹ̀kùn.

Délé rí ojú mi. "Ẹ má bínú sí ìyẹn, Mà. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn akunlé kùn ún tán kí n tó dé. Ọ̀dà ò mú un. Tó bá ti gbẹ, á ká dànù. Ni mo bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, tó gbọ́n gbogbo ara rẹ̀. "Kò lè mú un," ó wí. "Omi ìrà ni. Rábì ò jẹ́ kí n bù ú kù."

Ó ní kí a ran òun lọ́wọ́ láti jókòó sílẹ̀. A gbé e jókòó sórí sìmẹ́ńtì náà, ojú rẹ̀ ṣe déédéé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó bi Délé bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Délé wo ìwé tí wọ́n kọ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan, ó wo ìyá náà, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Mà."

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ ńlá rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ti Rábì. Ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, a kò rí ìka kan mọ́. Ó gbé e kúrò, ó wò ó, ó tún gbé e lé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Báyìí ló kéré tó?" Ó yí ojú sí mi, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ṣé o rí i, Àṣàkẹ́? Ọmọdé ni. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń bá a wíjọ́ bí àgbà. Ọmọdé ni. Àwa méjèèjì, ọmọdé ni wá."

Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sún mọ́ ògiri títí iwájú orí rẹ̀ fi kàn án, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dé láti ọjà tó ń kí ará ilé.

"Rábì," ó wí, "mo ti wọlé."